Ta Ló Ń Jẹ́ Jù?

Ẹni tó bá sọ pé Ròkíátù kì í jowú, olúwa rẹ̀ ò tíì bá a gbé rí. Ó ń jowú dáadáa. Bí Láwàl bá ra gúgúrú, tó sì kọ́kọ́ na ọwọ́ rẹ̀ sí ẹlòmíràn, ojú Ròkíátù á ti korò. Ṣùgbọ́n kí Fẹ́yìsayọ̀ tó dé, owú náà kò ju ohun téèyàn lè fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Fẹ́yìsayọ̀ ló wá sọ ọ́ di nǹkan míì.

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Ládélé ní Mówè, lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dún 2006. Láwàl ló ń kọ wẹ́ẹ̀bù sáìtì fún àwọn oníbàárà, Ròkíátù ló sì ń tẹ ohun tó máa wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìkirè ni Láwàl, yàrá kan ló háyà ní Mówè. Ìfọ̀ ni ilé bàbá Ròkíátù. Àwọn méjèèjì fẹ́ra wọn, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló mọ̀, ṣùgbọ́n Láwàl kò tíì lè dé Ìfọ̀. Bàbá Ròkíátù ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ẹni tí wọn ò tíì máa pè ní ọ̀gá níbì kankan kò gbọdọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún òun nítorí ọmọ òun.

Ọlọ́run wá ṣe é, Ọ̀gá Ládélé fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì sí Mágbòrò. Ó pe Láwàl, ó ní, "Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Ìbàfò tó wà nílẹ̀ yìí, bó bá yọrí sí rere, ìwọ ni màá fi ṣe ọ̀gá ibẹ̀." Ròkíátù gbọ́ ọ, ó fò sókè. Ó ti ń ro irú lẹ́ẹ̀sì tóun máa wọ̀ lọ́jọ́ tí Láwàl bá wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Fẹ́yìsayọ̀ dé. Àwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Mágbòrò ni, ọmọ náà ń dúró de yunifásítì, Ọ̀gá Ládélé bá ní kí Láwàl máa kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ pupa, eyín funfun, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e: ibi tí Láwàl bá jókòó sí, ibẹ̀ ni Fẹ́yìsayọ̀ máa fa àga tiẹ̀ sí. Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni àyè wà?

Ṣọ́ọ̀ṣì náà fẹ́ ṣe ọjọ́ àwọn tọkọtaya. Wọ́n fẹ́ kí orúkọ tọkọtaya kọ̀ọ̀kan hàn lórí wẹ́ẹ̀bù sáìtì wọn, kí wọ́n tàn án sójú ògiri kí gbogbo ìjọ rí i. Láwàl ń ṣàlàyé rẹ̀ fún Fẹ́yìsayọ̀.

"A máa kọ orúkọ ọkọ àti ti ìyàwó sójú ìlà kan, a máa fi àmì kan sáàárín wọn. PHP, èdè tí à ń fi kọ wẹ́ẹ̀bù sáìtì yìí, ní àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní explode. Bó bá ti kan àmì yẹn, á já ìlà náà síbẹ̀, oníkálukú á dá dúró."

"Bí ìgbà téèyàn ya awẹ́ obì, Bọ̀dá Láwàl?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Implode ló wá máa so awẹ́ yẹn pọ̀ padà, ohun tó bá wù wá la lè ní kó fi so ó. 'Àti' la máa lò. Á wá di lágbájá àti tàmẹ̀dù. Ọmọ yìí, o gbọ́n jù!"

Ròkíátù gbọ́ ọ látorí àga tiẹ̀. O gbọ́n jù, àbí? Ìgbà tí Láwàl kọ́ òun náà ní nǹkan yìí lọ́dún tó kọjá, ṣé ó sọ pé òun gbọ́n ni? Ó ní "o ti ń gbìyànjú" ni. Ó gbá kíbọọ̀dù bíi kó fọ́.

"Ká wá fi kọ́mà sáàárín wọn?" Fẹ́yìsayọ̀ bèèrè.

"Rárá o. Ìwọ náà mọ àwọn èèyàn wa. Orúkọ ìdílé ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, wọn á fi kọ́mà sí i, kí wọ́n tó kọ ti ara wọn. Explode á já ẹyọ èèyàn kan sí méjì. Sẹmikólọ̀n ni kó o lò, tó ní àmì ìdánudúró lókè, tó ní kọ́mà nísàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn kọ orúkọ."

Bó ṣe di pé wọ́n gbé apá yẹn fún Fẹ́yìsayọ̀ nìyẹn. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i: bí Ròkíátù bá kọjá lẹ́yìn ọmọ yìí báyìí, á rí "Láwàl" gàdàgbà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, Fẹ́yìsayọ̀ á sì yára pa á dé, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣe é lónìí, ó ṣe é lọ́la. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ òótọ́: kí lẹ fẹ́ kí obìnrin rò? Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu Ròkíátù mọ́.

Ìyàwó pásítọ̀ ló wá mú ọ̀rọ̀ tuntun dé. Màmá náà, Mọ́láyọ̀ ìyàwó Pásítọ̀ Adépọ̀jù, kì í gbà kéèyàn fi orúkọ òun ṣeré. Ó ní, "Ẹ ò ní kọ orúkọ mi bíi ti òyìnbó o. Ẹ fi àmì sábẹ́ gbogbo ọ tó wà níbẹ̀. Ti gbogbo ìjọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe é." Kò sí oníbàárà tó béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí. Láwàl wá ohun tí wọ́n fi ń tẹ àmì Yorùbá, ó fi sínú kọ̀ǹpútà Ròkíátù, Ròkíátù sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ wọlé.

Ẹ̀yìn ìgbà tó ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ló yẹ ohun tó wọlé wò. À, ù àti é wà bí wọ́n ṣe wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ọ gbé wà, kọ̀ǹpútà ti yọ ọ́, ó ti fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀: ọ ló kọ síbẹ̀. Ẹ wo ohun tó wà nídìí nọ́ńbà yẹn. Sẹmikólọ̀n ni! Ibi tí explode bá ti kàn án, á rò pé ibẹ̀ ni orúkọ parí sí, á já a. Òye rẹ̀ yé Ròkíátù lójú ẹsẹ̀.

Ó dìde kó pe Láwàl. Ibi tó ti yíjú ló ti rí wọn, orí kan orí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Fẹ́yìsayọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó gbá Láwàl léjìká. Láwàl náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi ìyẹ́ ha nímú.

Ròkíátù jókòó padà. Ó dáa. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ta ló kọ explode? Kì í ṣe Fẹ́yìsayọ̀ ni? Kó lọ jẹ èrè ọgbọ́n rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ.

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, Láwàl bi í pé, "Ròkí, ṣé gbogbo ẹ̀ ti wọlé?"

"Gbogbo ẹ̀ ti wọlé," Ròkíátù fèsì. Kò wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, wọ́n lọ sí Ìbàfò. Ìjọ kún bámúbámú. Pásítọ̀ Adépọ̀jù wọ kóòtù tuntun, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í pẹ̀lú ìgbéraga rere. Wọ́n ní ti àwọn ni kó kọ́kọ́ hàn. Fẹ́yìsayọ̀ tẹ bọ́tìnnì, ó hàn lójú ògiri, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀:

Adépọ àti jù àti Mọ àti láyọ àti

Ìyàwó pásítọ̀ dìde, ó sún mọ́ ògiri, ó fi ìka tọ́ka sí i.

"Ta ló ń jẹ́ Jù?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o," ni pásítọ̀ wí.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ó sì ṣíwájú mi! 'Àti' tó gbẹ̀yìn yìí ńkọ́? Ta ló tún ń bọ̀?"

Ẹ̀rín bú! Àwọn akọrin ń di ikùn mú. Bàbá àgbà kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Òrìṣà jẹ́ n pé méjì, kò dénú obìnrin o!" Wọ́n tẹ ti ẹlòmíràn, kàkà kó sàn, ọkùnrin yẹn ní ìyàwó mẹ́fà lójú ògiri. Wọ́n ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà. Ẹni kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ ń dùn nínú àwọn ará Mówè.

Òógùn bo Ọ̀gá Ládélé. Ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ síta. "Ta ló kọ ìranù yìí?"

Ròkíátù ń retí orúkọ kan. Fẹ́yìsayọ̀ la ẹnu, ṣùgbọ́n Láwàl ti bọ́ síwájú.

"Èmi ni, sà. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni mo ní kó lo àmì yẹn. Iṣẹ́ mi ni. Ẹ má bínú, sà."

Ọ̀gá Ládélé wò ó títí. "Ìwọ ni mo fẹ́ gbé Mágbòrò lé lọ́wọ́? Gbàgbé ẹ̀. Màá mú ẹlòmíràn wá láti Èkó."

Ẹ gbà mí o! Fẹ́yìsayọ̀ ni Ròkíátù da eérú sí, ta wá ni eérú tọ̀?

Wọ́n padà sí Mówè. Nínú ṣọ́ọ̀bù, Fẹ́yìsayọ̀ gbé orí lé tábìlì, ó ń sunkún.

"Bọ̀dá Láwàl, mo dán an wò! Ojoojúmọ́ ni mo ń dán an wò, kò ṣìṣe rí!"

"Orúkọ ta lo fi dán an wò?"

"Tiyín. Láwàl, sẹmikólọ̀n, Ròkíátù. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé tá a bá ti ṣe tán ní Ìbàfò, Ìfọ̀ lẹ ń lọ, pé kí n má sọ fún Àǹtí Ròkíátù. Gbogbo ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ló ń gbé e jáde, Láwàl àti Ròkíátù. Bí Àǹtí bá ń bọ̀, mo máa ń pa á dé kí wọ́n má bàa rí i. Ó dùn mọ́ mi nínú láti máa wò ó. Bó bá ṣe orúkọ tèmi tó ní ọ ni mo fi dán an wò, ǹ bá ti rí i."

Láwàl lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Ròkíátù, ó ṣí ohun tó tẹ̀ wọlé, ó rí àwọn nọ́ńbà yẹn, ó rí sẹmikólọ̀n tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yíjú.

"Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Ṣé o ò rí i ni?"

Ó rọrùn láti purọ́. Àárẹ̀ ti mú Ròkíátù jù fún ìyẹn.

"Mo rí i," ló wí.

Láwàl mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó yọ sẹmikólọ̀n kúrò nínú iṣẹ́ náà, ó fi àmì kan tó dúró bí igi gbọọrọ rọ́pò rẹ̀. Ó tẹ ti pásítọ̀, ó jáde ní pípé, Adépọ̀jù àti Mọ́láyọ̀. Iṣẹ́ náà kò gbà á lákòókò rárá.

"Dán tiwa wò," Ròkíátù bẹ̀ ẹ́, omi ti dé ojú rẹ̀.

Láwàl tẹ orúkọ tirẹ̀. Ó fi igi gbọọrọ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kíbọọ̀dù fúngbà díẹ̀, ó bá tẹ bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó ní kí Fẹ́yìsayọ̀ dìde kóun sìn ín dé ibi tó ti máa wọkọ̀ Mágbòrò.

Ròkíátù sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni:

Láwàl àti