Ámúpù Tí Káfíńtà Rà

Káfíńtà kan wà tó mọ gìtá ta dáadáa. Gìtá onígi tó níkùn ni, irú èyí tó ní ojú tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ ní òun yóò fi gìtá náà ta orin fún un níbi ayẹyẹ, níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyá. Etí ìyá ti ń wúwo díẹ̀, ni káfíńtà bá lọ wá ámúpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè.

Ẹni tó ń tà á fa kékeré kan yọ. "Ọ̀gá, èyí ò wọ́n, kò sì ní ba ohùn igi yín jẹ́."

Ṣùgbọ́n ojú káfíńtà ti wọ ẹ̀rọ ràgàjì kan tí iye wọn jọra.

"Ti gìtá tí kò níkùn nìyẹn o. Ariwo ni tiẹ̀."

"Ariwo náà ni mò ń wá."

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, bó ṣe fọwọ́ kan okùn gìtá báyìí, ẹ̀rọ náà han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí ilẹ̀kùn há mọ́. Gbogbo èèyàn di etí. Ìyá fa àga sún mọ́ ọn.

"Ọkọ mi, yọ wáyà yẹn. Màá jókòó tì ọ́, màá gbọ́."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, Mọ́mì."

Ó ń yí bọ́tìnì síwá sẹ́yìn títí àwọn àlejò fi túká. Kò rí orin kankan ta. Kò pé oṣù kan, ìyá sùn, kò jí mọ́.

Wọ́n ní kó má banú jẹ́, pé ẹ̀rọ ló dalẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ kọ́. Ìyá ti sọ ohun tó fẹ́. Ojú àwùjọ lòun ń wò.