Ẹni Tó Jókòó Sórí Táyà

"Awakọ̀ ni bàbá mi ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀jìgbò."

Ohùn Tàófíìkì ló ń jáde nínú fóònù. Mùínàt rẹ́rìn-ín, ó rò pé àfẹ́sọ́nà òun ń ṣàwàdà ni. Bàbá Tàófíìkì kúkú wà láàyè ní Ìlọrin, ọ̀gá ilé-ìwé ni, bóyá ló tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ sí jíà. Ọwọ́ Mùínàt kún fún gbágùúdá tí òun àti ìyá rẹ̀ ń bó lẹ́yìnkùlé, ló bá fi ìgbọ̀nwọ́ ti fóònù náà mọ́ ara agbada kí ó lè rí i dáadáa.

Yunifásítì òyìnbó tí Tàófíìkì ń lọ ló gbé fídíò náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ka ìwé ló sì fi í sínú gúrúùpù wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ń sọ ọ̀nà tí oníkálukú gbà dé ìdí ẹ̀kọ́ sìtátísíìkì, àti ọmọ ìyá rẹ̀, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ àti ìlà kí ènìyàn má baà dúró pẹ́ jù. Ọ̀kan ní orí eré bọ́ọ̀lù lòun ti bẹ̀rẹ̀. Òmíràn ní àìsàn ìyá òun ló fà á. Ó wá kan Tàófíìkì.

"Bí ọkọ̀ bàbá mi bá ti bàjẹ́," ó ń wí lédè òyìnbó, "yóò fi sípíà táyà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlà kí ipò rẹ̀ má baà bọ́, yóò sì gbé èmi ọmọ kékeré jókòó sórí ẹ̀. Á ní, 'Má dìde fún ẹnikẹ́ni o, àfi èmi.' Orí táyà yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọkọ̀, tí mo ń bi ara mi léèrè ìdí tí ọ̀kan fi ń tètè kún tí èkejì kì í kún."

Ẹ̀rín kú mọ́ Mùínàt lẹ́nu.

Òun ni. Ta ni kò mọ̀ ní gáréèjì Ẹ̀jìgbò pé òun ni? Títí di òní, bó bá ń kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú gèlè àgbà lórí, "Ọmọ Orí Táyà" ni àwọn awakọ̀ ń kí i. Òun ló jókòó lábẹ́ oòrùn tó ń fi igi fa ìlà sí ilẹ̀. Òun ló sọ fún àwọn bàbá onírùngbọ̀n lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kan kún ná kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò. Tí ẹ bá ń kún pọ̀, gbogbo yín lẹ máa pẹ́." Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ọmọ Sàká fẹ́ di alága wọn. Ìgbà tó yá wọ́n dán an wò, wọn ò sì padà sẹ́yìn mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sunkún ní yunifásítì pé ìṣègùn làwọn wá, sìtátísíìkì ni wọ́n bù fún àwọn, òun nìkan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan án. Tàófíìkì wà lára àwọn tó sunkún. Ó sunkún gan-an ni! Mùínàt ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, òun ló kọ́ ọ ní ohun tí kò yé e, wọ́n jọ gboyè àkọ́kọ́, wọ́n jọ gba èkejì, nígbà tó sì yá àwọn òbí méjèèjì mọ ara wọn. Gbogbo ohun tó ní nínú ayé rẹ̀ ló ti sọ fún ọmọkùnrin yìí. Bóyá ìyẹn nìkan ni ìbá dùn ún, tí kì í bá ṣe fọ́tò tó yọ lójú fóònù lẹ́yìn náà.

Sàká, bàbá Mùínàt, ló dúró nínú gáréèjì, ó wọ búbù funfun. Táyà wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká Tàófíìkì. "Bàbá mi nìyí," ni Tàófíìkì wí.

"Gbé e wá," ìyá rẹ̀ sọ. Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó sún mọ́ fóònù, ó wò ó pẹ́. "Búbù Iléyá nìyẹn. Ọjọ́ tí o ń dín ẹran níbí, tí Tàófíìkì àti bàbá ẹ ní àwọn fẹ́ lọ kí alága gáréèjì."

"Mọ́mì, Bàbá mọ̀ sí i?"

Ìyá rẹ̀ padà jókòó. Ó mú ọ̀bẹ, ó ń bá gbágùúdá rẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n Mùínàt wá ń to ọ̀rọ̀ náà jọ bó ṣe mọ̀ ọ́n tò. Òun àti Tàófíìkì jọ wá ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ yìí ni. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi gbogbo ẹni tó wá a: kí ló gbé ọ dé ìdí ẹ̀kọ́ yìí? Tàófíìkì ló kọ́kọ́ bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, Mùínàt tẹ̀ lé e. Ó sọ ìtàn táyà rẹ̀ fún wọn tayọ̀tayọ̀. Àwọn òyìnbó náà wo ara wọn. Obìnrin kan nínú wọn yọ awò ojú, ó ní, "Ṣé ìwọ gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí?" Mùínàt ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹnu ló ń yà wọ́n. Wọn ò bi í ní nǹkan gidi kan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i kò gùn rárá, pé àwọn ò gbà á.

Áà! Wọ́n rò pé òun lolè. Ìtàn tí ẹlòmíràn ti sọ fún wọn ni wọ́n tún gbọ́ lẹ́nu òun. Ó ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láti ìgbà náà, ó ń rò pé ìbéèrè ìṣirò kan tóun ṣì ló ba tòun jẹ́. Tàófíìkì yìí náà ló fi ọwọ́ nu omijé rẹ̀, tó ń sọ pé kò burú, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí olè tó ń bá olóhun wá nǹkan!

Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i: *Táyà ta ni?*

Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi dé, ohùn ni ó fi ránṣẹ́. "Mùínà, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Wọn kì í gba ẹni tí kò bá nítàn. Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé dókítà ni mo fẹ́ ṣe, wọn ò gbà mí? Orí tìẹ pé ju tèmi lọ, mo rò pé ìwọ á wọlé láìsí ìyẹn. Bàbá ẹ ló ní kí n mú un. Má kàn kọ nǹkan kan sínú gúrúùpù, wọ́n lè dá mi padà sílé. Màá wá mú ẹ. Sàfálé."

*Sàfálé.* Èdè Faransé tí bàbá rẹ̀ kó bọ̀ láti Àbíjàn nìyẹn, pé yóò dáa. Òun ló fi ń pa ẹkún gbogbo ilé lẹ́nu mọ́. Mùínàt kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí Tàófíìkì kọ́ ọ.

Ó ṣan ọwọ́, ó wá bàtà. Ìyá rẹ̀ gbójú sókè.

"Bí bàbá ẹ ṣe ń lọ sí Àbíjàn nígbà náà, ó sọ fún èmi náà pé òun á ránṣẹ́ wá mú mi," ló sọ. "Ojú fọ́tò ni mo ti rí Àbíjàn, títí tó fi padà dé." Ó ju gbágùúdá tó bó sínú omi. "Máa lọ. Fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ o, bàbá ẹ ni."

Ọkọ̀ Sàká kò sí ní gáréèjì. Ó tún ti bàjẹ́, ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ wà nínú ìlà ọkọ̀ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, pẹ̀lú ọ̀dà funfun tí wọ́n kùn sí i lára. Mùínàt jókòó sórí ẹ̀. Kò mọ ibòmíràn tí òun ìbá jókòó sí.

Ìlà sún. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn táyà, Ádámù, bọ́ sílẹ̀, ó ní kí Mùínàt dákun dìde díẹ̀. Ó yí táyà náà síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ lélẹ̀ dáadáa, kí ó tó padà lọ sún ọkọ̀ tirẹ̀. Ádámù àti Sàká ti jà láti inú ààwẹ̀ tó kọjá, wọn kì í kí ara wọn, gbogbo gáréèjì ló mọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ádámù, ẹ ṣé o. Mo rò pé ẹ̀yin àti Bàbá ń bínú síra yín."

"À ń bínú," ni Ádámù wí. "Kí ni ìyẹn wá kan ipò ẹ̀?"

Sàká wọlé pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì, ó gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì ọkọ̀ lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe rí i. "Ọmọ Orí Táyà! O wá bá mi ṣọ́ ọ bíi tàtijọ́ ni?"

Mùínàt kúnlẹ̀ kí i, ó padà jókòó, ó na fóònù sí i. Sàká rí ara rẹ̀ nínú búbù funfun, ojú rẹ̀ tàn. "Ó ti dé ibẹ̀! Àwọn òyìnbó ń rí mi báyìí?" Ìgbà yẹn ló tó wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, ta ló jókòó sórí táyà?"

"Èwo ni ìbéèrè? Ìwọ ni."

"Báwo ló ṣe wá di Tàófíìkì?"

Sàká mú àkísà, ó ń nu ọwọ́. "Ọmọ yẹn ò ní ohun tó máa sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi. Ọkùnrin ní í kọ́kọ́ lọ, Mùínàt, bí a ṣe ń ṣe é nílùú yìí nìyẹn. Tó bá débẹ̀ tó fìdí múlẹ̀, á fà ọ́ lọ. Ṣé ohun tó jẹ́ tìẹ kì í ṣe ti ọkọ ẹ ni?"

"Ẹ mọ̀ pé èmi náà ń wá a."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ pé ohun tí èmi náà máa sọ fún wọn nìyẹn."

Sàká wo ọ̀nà títì. Ọkọ̀ kan kọjá lọ sí Ìsúndúnrin. "Tí o bá wá dá lọ ńkọ́?" ó wí pẹ̀lẹ́. "Ọmọbìnrin tó dá lọ sílùú òyìnbó, tó tún kàwé ju ọkọ ẹ̀ lọ, ta ló máa dá a padà sílé fún mi? Nítorí ìfẹ́ ẹ ni mo fi ṣe é."

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mùínàt ti máa ń gbọ́ ọ. Kò mọ̀ pé ikú ilé lè fi irú ohùn pẹ̀lẹ́ báyìí sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ kọ̀wé sí wọn. Tèmi nìkan ò lè tó, wọ́n ti pè mí lónírọ́ nínú ọkàn wọn. Ẹ bá mi fi ohùn yín sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré. Ẹ sọ pé Mùínàt ọmọ yín ló jókòó síbẹ̀." Ó tẹ ibi tí fóònù fi ń gba ohùn, ó nà án sí i.

"Kí wọ́n wá lé ọmọ ọlọ́mọ wálé? Kí n fẹnu ara mi pe ara mí ní òpùrọ́? Sàfálé, Mùínàt. Fi í sílẹ̀."

Mùínàt kò gbé fóònù náà kúrò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Sàká wo fóònù, ó wo ilẹ̀, ó tún ń nu ọwọ́ sí àkísà.

Níwájú, ọkọ̀ tó ṣáájú kún, ó gbéra. Àwọn èrò Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti gbé ẹrù wọn dání, wọ́n ń wo ẹni tó kàn. Ara tu Sàká bí ẹni tí wọ́n ràn lọ́wọ́.

"Dìde, Mùínàt. Ó ti kàn mí."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dìde kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe é láti kékeré nìyẹn. Awakọ̀ tó bá fẹ́ gba ipò, ì báà kígbe mọ́ ọn, ì báà fi súìtì bẹ̀ ẹ́, kò ní mira. Ohùn yìí nìkan ló ń gbé e kúrò lórí táyà. Ó wá yé e pé Tàófíìkì ò lágbára tó lè gbé òun kúrò níbẹ̀. Kò fìgbà kan ní in.

Sàká gbé táyà sínú búùtù, ó pa á dé. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ìjókòó tó máa ń fi sílẹ̀ fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. "Ṣé wàá bá mi dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn? A ó jọ sọ̀rọ̀ lọ́nà."

"Rárá, Bàbá. Ẹ máa lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ yín."

Ó dúró títí èrò fi kún inú ọkọ̀, títí ọkọ̀ fi lọ. Àmì táyà ṣì wà nínú eruku, roboto, níbi tó ti jókòó. Ádámù ti ṣíná ọkọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sún. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ń wò ó níbi tó dúró sí láàárín ìlà, fóònù lọ́wọ́.

"Ọmọ Orí Táyà, ṣé kí n bọ́ síwájú?"

"Ẹ bọ́ síwájú, Bọ̀ọ̀dá Ádámù," ni Mùínàt wí. Ó yà kúrò lọ́nà fún un. "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́."