Èdìdì Orí Páálí

Ó ti rẹ akọ̀wé-ọ́fíìsì kan kí ó tó gun àtẹ̀gùn dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ère ọlọ́ràá. Láti yunifásítì ni ère jagunjagun onírun búlúù kan, tí wọ́n fi ike ṣe bí ti inú fíìmù àwòrán àwọn ará Japan, ti ń wù ú. Òun ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tí yóò ra fún ara rẹ̀. Ó gbé páálí tí wọ́n dì í sí síbi iná, ó sì wò ó láti ojú ọ̀rá tó mọ́ gaara níwájú páálí náà. Ọ̀dà ojú òsì ti ṣàn kọjá ìpéǹpéjú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀.”

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. “Àǹtí ọ̀mọ̀wé! Bí èdìdì bá já, iyì rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ sanwó ná, kí ẹ tú u nílé.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti rí inú ọ̀kan rí?”

“Èmi kẹ̀? N ò fojú kan ìhòòhò ọ̀kankan rí.”

Kò rẹ́rìn-ín. Báyìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́: wọ́n ní kí ó fọwọ́ síwèé kí ó tó rí ọ́fíìsì, ó sì bá àga tí kò lẹ́sẹ̀ àti ọ̀gá tí kò létí níbẹ̀. Ojú olójú kò jọ tẹni. Ojú olójú tibí yìí kò tilẹ̀ rí nǹkan kan.

Ó dá páálí padà sórí pẹpẹ jẹ́jẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti gba ohun tí n ò rí lẹ́ẹ̀kan. Ó tó gẹ́ẹ́.”

“Ẹ padà wá, àǹtí mi, ká jọ sọ ọ́!”

Ó ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ère náà ṣì ń wù ú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kí ó tún gun àtẹ̀gùn náà lọ.