Èèrà Kì Í Ṣe Dókítà

Abẹ́rẹ́ ni mo rí nínú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àbúrò mi. Télọ̀ ni. Ó ń fi ẹsẹ̀ náà wa ẹ̀rọ ìránṣọ lọ, abẹ́rẹ́ ti wọlé dé ìdí, kò mọ̀. Ojú ibẹ̀ ti dúdú. Mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ojú rẹ̀ le.

"Ṣé ẹ̀ ń lo oògùn àtọ̀gbẹ yín?"

"Àtọ̀gbẹ ti lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èèrà ò ti wá síbi tí mo tọ̀ sí mọ́."

"Èèrà ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún yín? Tí egbò yìí bá gòkè, wọ́n á gé ẹsẹ̀ yẹn. Kí lẹ máa wá fi wa ẹ̀rọ?"

Mo mọ ohun tó lé èèrà lọ.

A délé, ó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn àgbà ní—"

"Gbé òwe ẹ jókòó. Èmi ni mò ń da kẹrosíìnì sílé ìwẹ̀ láràárọ̀. Òórùn ìtọ̀ ẹ ti sú mi. Èèrà wo ló máa wá?"

"Irọ́ lẹ̀ ń pa. Ẹ kàn fẹ́ kí n máa ṣàìsàn ni."

"Kí n lè máa gbé ọ pọ̀n? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Mi ò da kẹrosíìnì mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tó ń ṣépè nílé ìwẹ̀. Èèrà ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé ojú ihò. Àbúrò mi já wọ ilé ìdáná, ó ń tú abẹ́ tábìlì.

"Kẹrosíìnì dà?"

"Ó wà nínú àpótí mi, mo ti tì í pa. Oògùn ẹ rèé, omi rèé."

"Ìkà ni yín."

"Mo mọ̀. Gbé e mì."

Ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó mu omi, ó ń wò mí bíi kó gbá mi létí.

"La ẹnu."

Hóró oògùn wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀.

"Olè! Gbé e mì!"

Ó gbé e mì.

Oṣù mẹ́rin rèé, àárọ̀ àti alẹ́ la jọ ń ja ìjà yìí. Egbò ti jinná. Kì í kí mi mọ́. Ó máa ń bínú kọjá níwájú mi, á máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì janlẹ̀.