Omi Tí Herbert Kọ̀ Láti Mu

Láti ọ̀sán àná ni omi kò ti kan Herbert lẹ́nu. Kì í ṣe pé ó ń gbààwẹ̀. Ìsìn ìrántí ọdún kan Harriet, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Áké, òun ni yóò sì ka Bíbélì. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìtọ̀ gbé e jáde láàrin ìsìn. Kó tó padà wọlé, wọ́n ti gbé pósí jáde. Ẹ̀yìn ọkọ̀ òkú ló rí.

"Bàbá, ẹ mu omi díẹ̀," Fisáyọ̀ wí nígbà tí wọ́n ń múra. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, nọ́ọ̀sì.

"Kí n tún lọ máa wá ẹ̀yìn ògiri?"

"Ọpọlọ ló ń ṣọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Béèyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ wálẹ̀ sẹ́sẹ̀. Ọpọlọ á ní kí iṣan fún, kí ọkàn yára, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé orí. Tí omi bá ti gbẹ lára, á pàṣẹ títí, ẹ̀jẹ̀ ò ní tó."

"Ọpọlọ mi yìí pàṣẹ fún odindi iléèwé rí. Wọ́n gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí Bọ̀dá Túbọ̀sún bá yín kà á, nígbà náà."

"Ṣé Túbọ̀sún ló fẹ́ ìyá yín ni?"

Fisáyọ̀ rọ omi náà sínú ike, ó gbé e dání.

Ooru mú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, agbádá sì wúwo. Àdúrà tí wọ́n kúnlẹ̀ gbà pẹ́. Ahọ́n Herbert ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkìkì. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ó rìn dé iwájú, ó ṣí Bíbélì.

Àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òkùnkùn ń wọlé bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ohùn àwọn èèyàn sì jìnnà bí ẹni pé wọ́n wà lódìkejì odò. Òógùn tútù bò ó. Fisáyọ̀ ti dìde pẹ̀lú ike omi. Ó fi ojú sọ fún un pé kó jókòó. Kò jókòó.

Ó gbá tábìlì ìkàwé mú. Nígbà náà ló yé e: bí òun bá ṣubú, wọ́n á gbé òun jáde, wọ́n á sì tún parí ìsìn Harriet lẹ́yìn òun.

Ó rọra fi ìdí lélẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tòun ti agbádá.

Fisáyọ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ṣọ́ bó ṣe ń lù. Herbert mu omi.

"Gbé Bíbélì yẹn fún mi."

"Ẹ mu sí i ná."

Ó mu ún tán. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn lẹ́tà tó dúró. Ó ka ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin níbi tó jókòó sí.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé àdúrà ìkẹyìn, ìtọ̀ ti dé. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo Fisáyọ̀.

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń gbé Màámi lọ síbì kankan lónìí."

Herbert na ọwọ́ sí i, ó sì rọra dìde.