Ìlà Wẹ́wẹ́ Lára Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n

Tíṣà fi èékánná wọ́ ojú ìlà kan lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, èékánná kọjá láìkọ́. Ó tún un wọ́ kó lè dá a lójú. Láàárọ̀ ni akunkọ̀, ẹni tó ń fi ọ̀dà kun ọkọ̀ ní ìkóríta, ti là á yé e pé ìlà tí kò bá kọ́ èékánná, ìpara á mú un. Èyí tó bá kọ́ ọ, àfi kíkùn lákọ̀tun. Ó ta agolo méjì fún un. Ìpara inú ọ̀kan ki, ó dà bíi pé iyanrìn kúnná wà nínú rẹ̀. Òun ni yóò máa ha ojú ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ títí ìlà yóò fi dín kù. Ti èkejì ń yọ̀ bí òróró, ṣe ló kàn ń dí ojú ìlà pa.

"Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín o," akunkọ̀ kìlọ̀ fún un. "Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ohun tí ẹ bò á yọjú."

Ọkọ̀ náà dúdú bíi kóró iṣin, ìlà wẹ́wẹ́ sì ti bo bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀kùn awakọ̀ bí ẹni pé aláǹtakùn ta òwú sí i lára. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì àgbà ni ẹ̀gbọ́n yìí, ilé rẹ̀ sì ni Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé láti oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí ilé ìwé tí Tíṣà ti ń ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, "ọkọ àbúrò mi" ni ẹ̀gbọ́n ń pè é, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó di "Tíṣà." Ní oṣù karùn-ún, "ìwọ" ló kù. Kò fi ìbínú ṣe é. Ó kàn bọ́ ọ̀wọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí ẹni tí kì í lọ síbi iṣẹ́ máa bá òun fọ ọkọ̀.

Lánàá, ẹnìkan níbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wá fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e. Àlejò náà kí Tíṣà, ó sì béèrè ẹni tó jẹ́. "Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ mi ni," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn, wọ́n sì lọ síbi ìpàdé kan; ìrọ̀lẹ́ òní ni ẹ̀gbọ́n máa dé. Tíṣà pọn omi. Kò rí kànrìnkàn ọkọ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó mú onírin tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò.

Báyìí, ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó ń wo ẹnu géètì. Ó ní kó sáré fi olóròóró pa á, kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ ná. Tíṣà ti agolo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìpara tó ki ló ń lò, ó ń fi aṣọ yí i po lójú kan náà títí apá á fi máa ro ó. Ìlà ń pòórá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ṣì ṣe nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọlé.

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti dà sórí ọkọ̀, kò sí ohun tó fara sin. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ lójú títì ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni ìyàwó Tíṣà sọ. "A ní kí wọ́n bá wa fọ̀ ọ́ lánàá."

Ẹ̀gbọ́n ti yọ fóònù. Ó ní òun mọ ọ̀gá wọn, àti pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kò ní débi iṣẹ́ lọ́la.

"Èmi ni," ni Tíṣà wí. "Kànrìnkàn ìkòkò ni mo lò."

"O mọ̀ọ́mọ̀?"

Tíṣà rọra fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀. "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, n kò ro nǹkan kan. Nígbà tí mo rí i pé ó ń ha, n kò dáwọ́ dúró."

Ẹ̀gbọ́n rín ẹ̀rín tí kò dénú. "Mo fún ẹ nílé, o sì ń fi irin ha ohun ìní mi."

"Ẹ fún wa nílé lóòótọ́, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹ jẹ́ ká gbàgbé."

"Kí ilẹ̀ ọ̀la má mọ́ bá ẹ níbí." Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ lè dúró." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Tíṣà parí ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì tó kù àti ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìlà mẹ́ta lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń dì mú ṣí ilẹ̀kùn jìn ju èyí tí ìpara lè mú lọ. Ó fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Kò ṣí agolo olóròóró.

Nínú yàrá, ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó kẹ̀yìn sí i bó ṣe ń ki aṣọ bọ báàgì.

"Mo purọ́ nítorí ẹ," ló ní. "O sọ mí di òpùrọ́ lójú ọmọ ìyá mi."

Tíṣà ní wọn ì bá lé aláìṣẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

"Kì í ṣe nítorí ìyẹn lo ṣe sọ ọ́. O fẹ́ kó gbọ́ ni."

Tíṣà rò ó wò, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó fa ẹnu báàgì pa, ó wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Tí o bá rí yàrá, pè mí," ni ìyàwó rẹ̀ wí, láìbojúwẹ̀yìn. "Tí o kò bá rí, má pè mí."

Tíṣà ní òun gbọ́. Ó so okùn bàtà rẹ̀, ó gbé báàgì, ó sì jáde.