Omi Ìkẹyìn Sìdíkátù

Kí ènìyàn tó kí Ìdíátù láàárọ̀, orúnkún rẹ̀ á ti kí i. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń wẹ òkú obìnrin fún àwọn mùsùlùmí Ìgándò. Ó wẹ arúgbó, ó wẹ abiyamọ, ó wẹ ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ó wá ẹlòmíràn.

Orí ẹní ìkírun ló ṣì wà lẹ́yìn Àsùbáà nígbà tí Aasiyah, ọmọ Sìdíkátù, kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, màmá mi ti jẹ́pè Ọlọ́run o."

Ìdíátù gbé tẹ̀súbáà rẹ̀ kalẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni Sìdíkátù kò fi bá a sọ̀rọ̀, ẹjọ́ Sìdíkátù sì kọ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń wẹ òkú tẹ́lẹ̀, ọ̀kan á da omi, ọ̀kan á fọwọ́ wẹ̀. Ohun tí ẹni tí ń wẹ òkú bá rí, inú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sin ín sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá Sìdíkátù kú, tí Ìdíátù wẹ̀ ẹ́ tán, ó dé àárín ẹgbẹ́ àsàláátù, ó dárúkọ àpá iná tó wà lẹ́yìn ìyá àgbà. Ẹyin lọ̀rọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìkọ̀tún pé àjẹ́ ni ìyá náà, pé wọ́n ti fẹ́ dáná sun ún rí.

Ìdíátù bẹ̀bẹ̀ títí. Sìdíkátù kò wojú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ Ọlọ́run, a lè tọrọ rẹ̀ lórí ẹní. Èyí tí a ṣẹ ènìyàn, ẹnu onítọ̀hún ni a ti ń gba àforíjì. Ẹnu ọ̀hún ló wá pa dé yìí.

"Ẹ pe àwọn tó ń wẹ òkú ní Ìdímù, ọmọ mi," ló wí. "Orúnkún ń dùn mí."

"Màmá ní ẹ̀yin ni o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn fúnra wọn, lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní ẹ ti mọ bó ṣe ń dunni, ẹ ò ní tún un ṣe. Wọ́n tún ní..." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ọmọ náà, ẹkún gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. "Wọ́n ní kẹ́ ẹ yáa gbé omi kaná o, pé omi tútù tí ẹ máa ń fi wẹ òkú yẹn ti pọ̀ jù."

Ìdíátù di ògiri mú, ó dìde.

Nígbà tó dé ilé Sìdíkátù, ó ṣe bisimilahi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́ láti apá ọ̀tún. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Àbẹ̀kẹ́," ló ń fi oríkì Sìdíkátù pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Àbẹ̀kẹ́ a-rí-má-sọ." Nígbà tó yí i sí apá òsì, ó rí ohun tó rí. Ó fi aṣọ bò ó, ó ń wẹ̀ ẹ́ lábẹ́ aṣọ. Ó wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi lọ́fínńdà sí i, ó wé e ní aṣọ funfun márùn-ún.

Níta, Alájà kan láti inú ẹgbẹ́ àsàláátù sún mọ́ ọn. "Wọ́n ní àìsàn yẹn ba ara rẹ̀ jẹ́, àbí? Báwo lẹ ṣe bá a?"

"Mo bá a ní òkú, Alájà. Ẹ bá mi gbé kẹ́tùrù yẹn, jàre."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń retí àwọn tí yóò gbé òkú lọ sí ibi ìkírun. Orúnkún ṣì ń dùn ún. Kò bẹ Ọlọ́run pé kí Ó wá ẹlòmíràn mọ́. Ohun tó ń tọrọ ni pé kí ẹni tí yóò wẹ òun náà lè pa ẹnu mọ́.